Lẹ́tà sí Fọláṣadé: Ohun tí mo lọ wò lórí òkè Bleaklow

Iléṣà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 2024.

Fọláṣadé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò rẹ tó ti Tòróńtò dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo dúpẹ́ pé ara yín le, pé ọkọ rẹ náà sì ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níhìn-ín, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń ṣe ohun tó bá wù ú bí òjò bá ti ṣú. Ìbéèrè kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò lè dáhùn lórí fóònù, òun ló jẹ́ kí n mú bírò. O ní kí ni èmi, ẹni ọdún 66, ń wá kiri lórí òkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ òfurufú já sí, tí ènìyàn 13 sì kú sí. O ní ṣé kò sí ibòmíràn tí àwọn ọmọ lè mú mi lọ ni.

Kí n má purọ́ fún ọ, wọn ò sọ fún mi pé ibẹ̀ ni à ń lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Òkúdù, Kúnlé, ọkọ ọmọ mi, kàn wí fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ́la." Ìwọ tí o ti pẹ́ lókè òkun ti mọ̀ pé ohun tí àwọn ọmọ yìí ń pè ní nínà ẹsẹ̀, ìrìn àjò gidi ni. Bàtà tí ó rà fún mi wúwo bíi ti sójà. Inú mọ́tò ni ó ti wá sọ ibi tí à ń lọ fún mi, nígbà tí a ti fi ìlú Manchester sílẹ̀ tí n kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Snake Pass ni orúkọ ọ̀nà tí a gbà, èyí tí í ṣe ọ̀nà ejò, mo sì ti ń ká aṣọ mi mọ́ra kí Dáre, ọmọ ọmọ mi, tó ṣàlàyé pé kò sí ejò kankan nínú ọ̀rọ̀ náà: ejò tó wà lára àmì ẹbí Cavendish, tí wọ́n ni ilẹ̀ ibẹ̀ láyé àtijọ́, ni wọ́n yà sára ilé èrò kan lójú ọ̀nà, láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. A gbé mọ́tò sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà náà ti ga jù lọ, ó tó mítà 510 sókè òkun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àríwá.

Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sójú ọ̀nà náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń rì. Mo ṣàkíyèsí pé ojú àwọn òkúta kan ti jọ̀lọ̀ ju bí òkúta orí òkè ṣe yẹ kó rí lọ, ihò róbótó sì wà lára òmíràn bí ẹni pé wọ́n ti de irin mọ́ ọn rí. Nígbà tí mo béèrè, Kúnlé ní ilẹ̀ ilé iṣẹ́ òwú ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n wó àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àtijọ́ ní agbègbè náà, òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú wọn ni wọ́n fi hẹlikópítà gbé wá síbí. Fọláṣadé, mo dúró sójú kan. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe. O rántí kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó máa ń di aṣọ rù, tí ó ń gbé e kiri àwọn abúlé Èkìtì, tí ó ń tà á ní àwìn, tí ó sì ń padà lọ lóṣooṣù láti ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tí yóò fi san owó. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwọn bàbá wa, àwọn ẹlòmíràn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n owó aṣọ Manchester yẹn ló rán ìwọ àti èmi lọ sílé ẹ̀kọ́. Òkúta tí àwọn tó hun aṣọ náà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lọ yìí. Kúnlé rò pé ó ti rẹ̀ mí ni, ó gbé omi fún mi.

Kò pẹ́ tí òkúta fi tán. Ilẹ̀ dúdú ló kù, ewéko tó ti ń rà sórí ara wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n sọ pé ó di ilẹ̀ náà, ó sì ń fà bí àmàlà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. (Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, iyán ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n iyán kì í dúdú.) Omi ti gbẹ́ kòtò káàkiri inú rẹ̀, àwọn kòtò náà jin ju Dáre lọ, o kò sì ní mọ apá ibi tí o ti wá bí o bá ti wọ inú ọ̀kan. Koríko kan wà tí orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó bo ilẹ̀ lọ súà. Ẹyẹ kan tó jọ àparò ń fò dìde lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó ń han bí àgbàlagbà tó ń bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú. Mo rántí ọjọ́ tí tíṣà kó wa lọ sí omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí ìwọ fi orí kunkun gun òkè kọjá ibi tí wọ́n ní kí a dúró, tí èmi sì ń sunkún nísàlẹ̀. Bí o bá wà lórí Bleaklow lọ́jọ́ tí mo ṣubú yìí, ò bá rẹ́rìn-ín mi yó.

A rìn bíi wákàtí méjì kí a tó dé ibẹ̀, nítòsí ṣóńṣó òkè tí wọ́n ń pè ní Higher Shelf Stones, tí ó ga tó mítà 621. Mo ti ń retí láti rí ọkọ̀ òfurufú tó dojú bolẹ̀. Rárá o. Irin ló fọ́n ká sórí ilẹ̀ dúdú náà bí ẹ̀gúsí tí a sá sórí ẹní, láti ibi tí mo dúró sí títí lọ sókè ibi tí ojú mi tó. Táyà àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wà lọ́tọ̀, egungun apá rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì kan. Ó tóbi ju àga ìjókòó lọ, sílíńdà rẹ̀ tò yí i po bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára ìdì, 18 ni iye tó yẹ kó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpẹtà ti sọ ọ́ di pupa bí ilẹ̀ Iléṣà. Omi òjò dúró sínú ihò kan lára rẹ̀, kòkòrò kékeré kan sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà. Àwọn páànù tó fúyẹ́ tí wọ́n fi bo ara ọkọ̀ kò dípẹtà ní tiwọn; wọ́n ń dán síbẹ̀, ìṣó kéékèèké tí wọ́n fi kàn wọ́n pọ̀ sì wà ní ìlà gbọọrọ bí ojú abẹ́rẹ́ lára ẹ̀wù tí télọ̀ tó mọṣẹ́ rán. Mo fi ìka tọ ìlà náà títí tó fi já.

Ọkọ̀ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní B-29 Superfortress. Apá rẹ̀ méjèèjì gùn tó mítà 43 bí a bá nà wọ́n, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló sì ń gbé e. Irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ju àdó olóró sí Hiroshima àti Nagasaki ní 1945. Iṣẹ́ fọ́tò ni èyí ń ṣe ní tirẹ̀; ó wà lára àwọn tó ya fọ́tò nígbà tí wọ́n ń dán àdó náà wò ní erékùṣù Bikini ní 1946, àwọn tó ń fò ó sì fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ ní Over Exposed, orúkọ tí a ń pe fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún. Ní ọjọ́ 3, oṣù Bélú, 1948, ó gbéra ní Scampton ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń lọ sí Burtonwood, ibùdó àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìwọ̀-oòrùn. Ó gbé lẹ́tà àti owó oṣù àwọn ọmọ ogun. Ìrìn náà kò tó wákàtí kan. Bí ènìyàn bá fẹ́ lọ sí Òṣogbo láti ibí, tó sì kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, yóò lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìkùukùu ti bo orí òkè lọ́jọ́ náà, èrò àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ni pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rò pé àwọn ti ré òkè kọjá, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Òkè ṣì wà níwájú. Kò sí ẹnì kan tó yè nínú àwọn 13.

Kúnlé ní ó lé ní 50 ibi tí ọkọ̀ òfurufú já sí ní àwọn òkè agbègbè yẹn, pàápàá nígbà ogun Hitler àti lẹ́yìn rẹ̀, ìkùukùu kan náà ló sì pa púpọ̀ nínú wọn. Lọ́jọ́ tiwa, ojú ọ̀run mọ́ kedere. A ń rí Manchester nísàlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ òfurufú sì ń gba orí wa kọjá lọ balẹ̀ síbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Mi ò fẹ́ràn láti máa wò wọ́n.

Òkúta ìrántí kan wà láàárín àwọn irin náà tí àwọn òṣìṣẹ́ ológun òfurufú láti Finningley gbé síbẹ̀ ní oṣù Bélú 1988, nígbà tí ó pé 40 ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún àgbélébùú onígi kéékèèké àti òdòdó pupa tí wọ́n fi bébà ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí Dáre tó sáré ki ọwọ́ bọ àpò. Mo ní kó mú ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ìṣó kan ni, kò ju èékánná mi lọ. Ó ní, "Grandma, ó pọ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Fọláṣadé, mi ò mọ ìgbà tí mo fi ohùn ìyá mi bá a sọ̀rọ̀. Mo ní ohun tí òkú ń lò kì í ṣe ohun ìṣeré, kó dá a padà síbi tí ó ti mú un gan-an, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kúnlé kò gbèjà rẹ̀. Ó tún sọ fún un pé ọkùnrin kan tó ń gun òkè náà rí òrùka níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìjàǹbá náà, orúkọ ọ̀gágun tó wa ọkọ̀ ọ̀hún sì wà lára rẹ̀. Wọ́n wá ọmọ ọ̀gágun náà rí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá òrùka bàbá rẹ̀ padà fún un. Dáre lọ kúnlẹ̀, ó wá ojú ibi tó ti mú ìṣó tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀.

Wàyí o, ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Wọ́n lọ jẹun lẹ́yìn òkúta kan tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, èmi ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó díẹ̀. Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mo jókòó tì. Mi ò mọ ẹnì kankan nínú àwọn 13 yẹn, mo kàn ń rí bọ́ọ̀sì tí Bọ̀dá Ṣẹ́gun kú sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ ní 1987, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. O ti wà lókè òkun nígbà náà, èmi ló tẹ̀ lé bàbá yín lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, mi ò sì sọ fún ọ rí pé mo tún padà lọ lẹ́yìn oṣù kan. Irin bọ́ọ̀sì náà ti pòórá. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti gé e lọ, ó ṣeé ṣe kó ti di ọkọ́ àti àdá nínú oko ẹlòmíràn. Koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù sójú ibi tó jóná. Mo wá a títí, mi ò dá ojú ibẹ̀ mọ̀ mọ́, ni mo bá wọ ọkọ̀ padà sílé. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, gbogbo ojú ọ̀nà náà ló máa ń jọ ibi tó kú sí lójú mi. O rántí pé ìyá yín máa ń pa ojú dé láti Ẹ̀rìn títí wọ Ìpetu. Àwọn mẹ́tàlá orí òkè yẹn ní ojúkò. Ẹni tó fẹ́ kí wọn mọ ibi tí yóò dúró sí.

Mi ò dá àwọn alágbẹ̀dẹ lẹ́bi o. Irin ṣọ̀wọ́n, ilẹ̀ wa kì í sì í ṣe orí òkè tí ẹnikẹ́ni kì í dé.

O ní ẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì. Ẹni kan tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà, tí Ọlọ́run yọ, ṣì ń gbé ní Ìpetu. Mo bá a sọ̀rọ̀ nínú oṣù Ògún, ó ní òun mọ igi ìrókò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọn ò tíì gé e. Mo ti bá bíríkìlà kan ní àdúgbò wa dúnàá-dúrà lórí òkúta kékeré kan, èyí tí a lè gbé sínú búùtù mọ́tò. Mi ò tíì san owó, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹbí yín ni, ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ lẹ ó sọ ohun tí wọn yóò kọ sí i lára. Fi èsì ránṣẹ́ sí mi kí oṣù Bélú tó parí, kí ó lè ráyè gbẹ́ ẹ. Kí o sì mú bàtà tó nípọn dání, nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà ibẹ̀ ti di igbó.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Mojísọ́lá