Àjọkẹ́, gbọ́ ọ̀rọ̀ qigong lẹ́nu mi

Guangzhou, Ṣáínà

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ náà. Àwa náà wà ńbí, ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní wọ́n sọ fún ẹ pé mo ti bá àwọn ará ibí wọ ẹgbẹ́ kan tó máa ń dúró sábẹ́ igi ní ìdájí tí wọ́n ń pe ẹ̀mí sínú ara. Inú ò bí mi rárá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni ló ń béèrè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kọjá orí fóònù, ni mo bá ní kí n kúkú kọ̀wé.

Qigong ni mò ń ṣe. Àwọn ará Ṣáínà gbà pé agbára kan wà tó ń rìn káàkiri ara ènìyàn, tó ń bá èémí àti ẹ̀jẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní qi, ìdúró, mímí àti ìfarabalẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí ètùtù níbi tí a ti ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ní kí n fi ìjọ mi sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀: ní 1973, wọ́n rí aṣọ ṣẹ́dà kan nínú ibojì àtijọ́ ní Mawangdui, ní ìlú Changsha. Láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Kristi ni ibojì náà ti wà ní dídí. Ènìyàn 44 ni wọ́n yà sára aṣọ yẹn, tọkùnrin tobìnrin: ẹni yìí nawọ́ sókè, ẹni yẹn tẹ̀ síwájú. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn pé ti orúnkún tó ń dunni ni. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí, Màmá ni mo rántí.

Ọgbà ìgbafẹ́ Yuexiu kò jìnnà sí Xiaobei, àdúgbò tí àwa èèyàn dúdú pọ̀ sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni àwọn àgbààgbà ti ń dé síbẹ̀. Màmá kan ló ń kọ́ wa, Āyí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ láì di nǹkan mú. Nítorí àìróorun-sùn ni mo ṣe lọ síbẹ̀, kì í ṣe nítorí qi. O mọ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹténà yẹn ṣe gba oorun lójú mi.

Zhan zhuang ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi. Èèyàn á ya ẹsẹ̀ dé ìwọ̀n èjìká, á dẹ orúnkún díẹ̀, á gbé apá méjèèjì sí iwájú àyà bí ẹni gbá igi ńlá mọ́ra, á fi ahọ́n kan àjà ẹnu, á sì máa mí lọ sí ìsàlẹ̀ ìdodo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdúró lásán. Kò pẹ́ tí itan mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èjìká mi ti gbé sókè dé etí, èmi ò mọ̀. Āyí wá, wọ́n fi eegun ìka kan mí ní ìbàdí kó-kó, wọ́n ní, "Fàng sōng," pé kí n dẹ ara. Ibi tí wọ́n kàn yẹn rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti le láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Mo bi Āyí pé qi náà dà. Wọ́n ní kí n má wá a, pé ara ẹni tó bá ń wá a á tún le ni. Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, ọwọ́ gbogbo wa tutù, àárín àtẹ́lẹwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ibi tí wọ́n ń pè ní laogong gan-an. Ooru náà rìn dé orí ìka, ìka ń jó mí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Tí mo bá fẹ́ mú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì súnmọ́ra, ó ṣe mí bíi pé nǹkan rírọ̀ kan ń tì wọ́n padà. Tí mo bá fẹ́ yà wọ́n, ó ń fà wọ́n. Itọ́ kún ẹnu mi, èémí lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ikùn mi gbóná. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Àjọkẹ́, mo sùn àsùnwọra.

Mo mọ ohun tí dókítà máa sọ: bí èémí bá falẹ̀ tí ọkàn balẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ á là, ẹ̀jẹ̀ á ráyè dé ìka, bí èèyàn bá sì gbọ́kàn sí ojú kan lára rẹ̀, á máa gbọ́ ohun tí kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní o ti ka àlàyé yìí fún mi tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi ì bá ṣì tutù. Ìdúró ló mú mi débẹ̀. Àwọn ará ibí gan-an, ara ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní 1947, ọgbẹ́ inú ń bá Liu Guizhen, òṣìṣẹ́ kan ní agbègbè Hebei, fínra. Ó padà sábúlé, àgbàlagbà kan kọ́ ọ ní bó ṣe máa jókòó, bó ṣe máa mí, ara rẹ̀ sì yá. Òun ló wá ṣètò ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn ní Beidaihe ní àwọn ọdún 1950.

Ibì kan wà tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí qigong gbòde ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀gá kan ń kó èrò jọ sí pápá ìṣeré, wọ́n ní àwọn ń fi qi ránṣẹ́ sí wọn lára, pé àwọn ń wo àìsàn láti òkèèrè. Mi ò gbà á gbọ́. Ohun tó wà láàárín ọwọ́ mi ni mo lè jẹ́rìí sí, kò sì wo jẹjẹrẹ fún ẹnikẹ́ni lójú mi. Ní 2003, àjọ ìjọba tó ń rí sí eré ìdárayá fi ìlànà qigong mẹ́rin síta fún gbogbo ènìyàn, Ba Duan Jin wà lára wọn. Ìyẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣe mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀: àkọ́kọ́, o máa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fi ọwọ́ ti ojú ọ̀run; ìkẹyìn, o máa gbé gìgísẹ̀ sókè, o máa jẹ́ kó balẹ̀ gbì, ìgbà méje.

Kí Màmá jókòó sórí àga ṣe tiwọn, apá nìkan ti tó. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kí ìwọ náà má sì dúró tayọ ìṣẹ́jú márùn-ún lákọ̀ọ́kọ́. Tí o bá ti ṣe é fún ìgbà díẹ̀, kọ̀wé sí mi, kí o sọ ohun tí ọwọ́ rẹ bá gbọ́, bí kò bá tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Aṣọ léèsì tí o ní kí n wá, mo ti rí i; yóò bá ẹrù tó ń bọ̀ wá.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́