Àbẹ̀kẹ́, bí o kò bá rí i ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ la ò ti gbóhùn ẹ. Ara wa le. Ajá ti bímọ, àbúrò ẹ ti yege Wáẹ̀kì. Owó tí o kò fi ránṣẹ́ kọ́ ló ń dùn mí o. Wọ́n sọ fún ìyá ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé o ti rù, pé òru lo fi ń wo kọ̀ǹpútà nítorí dark matter, ohun tó wúwo tí ẹ ní ó ń di àwọn ìràwọ̀ mú, tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí rí. Bí o kò bá rí i ńkọ́?

Mi ò ní kò sí. Ìwọ náà lo ṣàlàyé fún mi pé ní 1970, Vera Rubin àti Kent Ford wo bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Andromeda ṣe ń yí, apá òde rẹ̀ kò dẹ eré, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ kò wúwo tó láti dì í mú. O sọ ti GD-1 náà, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rí ní 2006, tí Gaia, ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo ìràwọ̀ láti òfúrufú, wá fi àlàfo inú rẹ̀ hàn, tí ẹ fi ń fura pé ìṣù dark matter kan ló gba ibẹ̀ kọjá. Ó yé mi. Ẹ ò rí olè, ipasẹ̀ ẹ̀ lẹ ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ìtànṣán gámà tó pọ̀ jù láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa ńkọ́? Láti 2009 ni wọ́n ti ń jiyàn: àwọn kan ní dark matter ló ń kọlu ara wọn, àwọn kan ní òkú ìràwọ̀ tó ń yí bírí ni. Zwicky, onímọ̀ ìràwọ̀, ti ń sọ̀rọ̀ dark matter láti 1933, ó kú ní 1974. Rubin kú ní 2016. Kò sí èyí tó rí i nínú wọn. Ìwọ ńkọ́?

Olórí kunkun! Ṣé o ti jẹun lónìí?

Ifẹ̀ gbà mí láti ka físíìsì nígbà kan. Bàbá mi ní, “Kí ni wọ́n ń fi jẹ?” Mo lọ ka owó olówó ní báǹkì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Tí o bá ń sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ lórí fóònù, inú mi a dùn tán, mo tún máa ń jowú ẹ. Ohun tí mò ń kọ sí ẹ yìí, àfi bíi pé bàbá mi ló di bírò mú.

Má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí mi. Pè wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Bí ẹ bá sì mọ ohun tó dá àlàfo GD-1 sílẹ̀, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kó tó kan ìyá ẹ.

Èmi ni bàbá ẹ.