Lẹ́tà sí Bísí, nítorí ọgbẹ́ tí ajá ń lá

Lágere,
Ilé-Ifẹ̀.

Bísí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Baálé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé o ń rí iṣu jẹ ní Jámánì yẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tí o sọ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Bella, ajá rẹ, kó má bàa bímọ mọ́, pé kò yéé wá ọ̀nà láti lá ojú abẹ náà, pé àánú rẹ̀ ń ṣe ọ́, o sì fẹ́ bọ́ ike tí dókítà fi sí i lọ́rùn, àyà mi já. Mo kọ́kọ́ ní kí n fi ohùn dá ọ lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohùn lọ. Jọ̀ọ́, má bọ́ ọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi àti Tanímọ̀la rí.

O rántí Tanímọ̀la, ajá pupa tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá láti Mọ̀dákẹ́kẹ́ nígbà tó ṣì kéré bí ológbò. Nígbà tí ọdún Ọlọ́jọ́ ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó lé ewúrẹ́ kan gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì fi itan gba etí páànù àlòkù tí àwọn káfíńtà kó jọ síbẹ̀. Ibi tó gé gùn tó ìka àárín mi, ó sì yanu. Dókítà ẹranko tí wọ́n júwe fún wa lọ́nà Ìbàdàn fá irun ibẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì rán an. Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú jẹun, mo dúró tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò rán an lọ gbọọrọ bí a ṣe ń rán ìgbátí aṣọ. Á ta kókó, á gé òwú, kó tó bọ́ sí èkejì. Márùn-ún ló ta. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní bí ọ̀kan bá já, kí ìyókù lè di awọ náà mú. Ó ní ká padà wá yọ òwú láàárín ọjọ́ 10 sí 14, ó sì kìlọ̀ fún wa pé kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án rárá. Ó ní ká wá ike tí wọ́n ń fi sí ajá lọ́rùn, èyí tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Kò ní i nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní kò burú, a óò máa ṣọ́ ọ.

Ṣíṣọ́ yẹn ni mo kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí ajá bá ń lá ọgbẹ́, àwọn àgbà á ní ẹ fi í sílẹ̀, oògùn rẹ̀ ló ń lò yẹn. Bàbá ọdẹ tí wọ́n ń gbé ní òdìkejì wa sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, wọn ò sì sọ ọ́ láìnídìí. Ẹni tó ti fi ajá dẹ̀gbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún á ti rí ajá tó lá yẹ̀pẹ̀ kúrò lójú ọgbẹ́ níbi tí kò sí omi, tí kò sí dókítà. Dókítà náà kò jiyàn pé lílá lè gbá ìdọ̀tí kúrò. Ohun tó sọ ni pé ahọ́n ajá le, ó ń họ awọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò kúrò. Ẹnu tó fi ń lá ọgbẹ́ náà ló fi ń tú ààtàn, òun náà ló fi ń lá ìdí ara rẹ̀, kòkòrò àìsàn inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ojú ọgbẹ́ tó bá sì ń tutù ní gbogbo ìgbà kì í san bọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo fi òrí pa etí ọgbẹ́ náà, mo rò pé á tù ú lára. Bísí, òrí! Oúnjẹ ni mo fi sí i lára. Ó ti lá a tán kí n tó ti ìka bọ omi. Ìyá kan ní kí n fi omi ewúro pa báńdéèjì, pé kíkorò rẹ̀ á lé e. Ó mí imú, ó yọ ojú, ó sì ń lá a lọ.

Òru ọjọ́ kẹta ni. Wọ́n ti mú iná lọ, gbogbo àdúgbò dákẹ́. Mo ń gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣàà, ṣàà, ṣàà, bí ẹni tó ń ṣan ọwọ́ jẹ́jẹ́. Mo tan iná fóònù mi. Tanímọ̀la ká ara rẹ̀ kò bí òṣùká, ó ti orí bọ itan, kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí. Nígbà tí mo fa orí rẹ̀ sẹ́yìn, kókó mẹ́ta nínú márùn-ún ti lọ. Òwú kan ṣì rọ̀ dirodiro létí ibẹ̀. Awọ ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, inú ọgbẹ́ pọ́n bí inú gúáfà. Àìmọye aṣọ ni mo ti fi abẹ tú, mo mọ bí ojú rírán tí wọ́n tú ṣe ń rí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Dókítà ní òun kò lè rán an padà torí pé ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́, a ní láti fi í sílẹ̀ kó máa ti inú kún bọ̀ síta. Ohun tí ì bá gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì gbà wá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo ṣe ike fúnra mi. Mo mú ike ọ̀dà, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn gààrí l'ọ́jà, mo gé ìdí rẹ̀ kúrò, mo là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì wọn ọrùn Tanímọ̀la bí ẹni tó fẹ́ dá ọrùn bùbá. Mo fi àǹkárá rírọ̀ bo etí rẹ̀ kó má bàa gé e, mo lu ihò sí i, mo fi okùn so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Ìka méjì ní láti lè wọ àárín ike àti ọrùn. Bó bá fún jù, kò ní lè mí dáadáa. Bó bá dẹ̀ jù, á fi ẹsẹ̀ ti í bọ́. Etí ike sì gbọ́dọ̀ yọ kọjá imú. Èyí tí mo kọ́kọ́ gé kúrú, kíá ló ti tẹ orí kọjá rẹ̀ tó dé itan, ni mo bá lọ ra ike mìíràn.

Ibi tí o wà báyìí ni èmi náà wà lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró sójú kan bí ère. Ó fi ike kọlu ilẹ̀kùn, ó kọlu garawa omi, ó kọlu ẹsẹ̀ máṣíìnì mi. Ó ń wò mí bí ẹni tí mo dalẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí okùn láti tú u, inú gúáfà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti mọ bí yóò ṣe yí orí gba ẹnu ọ̀nà. Mo gbé abọ́ rẹ̀ sórí àpótí, mo sì lo abọ́ kékeré tó lè wọnú ike, ó ń jẹun geere. Tí o bá fẹ́ bọ́ ọ kó lè jẹun, jókòó tì í títí á fi jẹ tán, kí o dá a padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún un láti já òwú. Máa yẹ abẹ́ ike wò lójoojúmọ́ bóyá ó ń bó o lọ́rùn.

Ti Bella tiẹ̀ rọrùn ju tèmi lọ, torí ikùn ni, aṣọ lè bò ó. Mú singlẹ́ẹ̀tì òwú tí ọmọ rẹ kò lò mọ́. Orí á gba ọrùn, ẹsẹ̀ iwájú á gba ojú apá, kí o wá ká ìdí aṣọ tó bá ṣẹ́kù sókè, kí o ta á ní kókó sórí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá fẹ́ tọ̀, tú kókó náà. Bó bá tutù, pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lóru, jẹ́ kí ike wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà, ajá lè fi eyín ya aṣọ.

Ohun kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ìgbà tí ọgbẹ́ bá ń jinná gan-an ló máa ń yún un. Ìgbà tí o bá rò pé ó ti parí ni kí o ṣọ́ra jù. Àìríṣe náà wà níbẹ̀, ajá tí kò rí nǹkan fi ẹnu ṣe á fi ara rẹ̀ ṣe é. Mo máa ń se pọ̀nmọ́ gbọọrọ láìfi ata àti iyọ̀ sí i, màá jókòó tì í kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Má fún un ní ṣùkù àgbàdo o, ó lè dí ìfun rẹ̀.

Wọ́n ní kí n fi ọ́ìlì dúdú ti mẹkáníìkì pa á nítorí eṣinṣin, ẹlòmíràn ní karosíìnì. Mo kọ̀. Ohunkóhun tí o bá fi sí ara ajá, inú rẹ̀ ló ń lọ. Omi gbígbóná tó ti tutù tán ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ṣíbí kékeré iyọ̀ kan sí ìdajì lítà, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ibi tó ń sùn kí eṣinṣin má yé ìdin sí i. Má ṣe fún Bella ní oògùn ìrora tí ẹ̀yin ń lò, ìbáà jẹ́ parasítámọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Bí ojú abẹ náà bá ń rùn, tó wú, tó ń ṣe ọyún, tàbí tí Bella kò jẹun, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, má dúró di ọjọ́ kejì.

Mo fẹ́ gbàgbé: má jẹ́ kí ó máa lá egbò àwọn ọmọ náà. Dókítà bi mí ní káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi Tanímọ̀la kó tó fọwọ́ kan án, inú mi dùn pé mo ní i. Itọ́ ni dìgbòlugi ń gbà wọ ara èèyàn.

Ǹ bá rán aṣọ fún Bella, kí n fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ojú abẹ á ti jinná. Ṣáà wọn ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀, àti láti ọrùn dé ìdí ìrù, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, màá rán tirẹ̀ pa mọ́. Àbí ta ló lè gbà pé ìwọ tí o máa ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sílé ní Ìlódè nítorí ìbẹ̀rù ajá kan, ìwọ lo ń ké sí mi nítorí ọgbẹ́ ajá báyìí?

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, Tanímọ̀la ń sùn lábẹ́ máṣíìnì mi. Irun ti ń bo àpá náà. Mo gbọ́ ṣàà, ṣàà, lẹ́ẹ̀kan, mo ju bírò sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ló ń lá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
Yétúndé.