Aago Méje Alẹ́ Sátidé

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Ìbàdàn? Ṣé ara màmá ti le dáadáa báyìí? Bá mi kí wọn, kí o sọ fún wọn pé aṣọ òfì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Òun ni mo fi bo orúnkún níbi tí mo jókòó sí yìí. Láti àárọ̀ ni yìnyín ti ń já bọ́ ní Toronto, ó ti bo gbogbo ọkọ̀ tó wà lójúlé wa mọ́lẹ̀. Kò kàn mí, n kò kúkú níbi tí mò ń lọ. Sátidé ni, aago kan ọ̀sán sì ti fẹ́ẹ̀ lù.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé kí ni mo rí nínú igbe àwọn òyìnbó lórí rédíò, ìyẹn ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, tí n kì í fi gbé fóònù ní ọ̀sán Sátidé. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìwọ tí a jọ ń kọ ohùn áltò nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì! Kí ni Dúró Ládiípọ̀ ń ṣe nígbà tó gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964? Ṣé igbe lòun náà lọ ké? Eré tí wọ́n ti ń fi orin jà, tí wọ́n ń fi orin fẹ́ra, tí wọ́n ń fi orin kú lórí ìtàgé, kò yẹ kó jẹ́ àjèjì sí ọmọ Yorùbá.

Gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. La bohème ni wọ́n gbé sórí rédíò láti Metropolitan Opera, ilé orin ńlá kan ní New York. Iṣẹ́ Puccini, olórin ọmọ Ítálì, ni, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Turin ní 1896. Akéwì kan tí kò ní kọ́bọ̀ lápò ń gbé yàrá tó wà lókè pátápátá ní Paris, òtútù sì fẹ́ẹ̀ pa á. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbélé wá tọrọ iná sí àbẹ́là. Kọ́kọ́rọ́ ọmọbìnrin bọ́ sílẹ̀, àbẹ́là kú, ni àwọn méjèèjì bá ń fọwọ́ wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọkùnrin yìí rí kọ́kọ́rọ́, Àjọkẹ́, ó jù ú sápò! Ó ń díbọ́n pé òun ṣì ń wá a títí ọwọ́ fi kan ọwọ́. Orin tó kọ tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó tutù ni: ọwọ́ rẹ mà tutù o, jẹ́ kí n bá ọ mú un gbóná. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, àwàdà ni ì bá jẹ́ lójú mi. Níbí, mo bú sẹ́kún. Ikọ́ ife ló sì pa ọmọbìnrin náà nígbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Kérésìmesì 1931 ni ilé orin yẹn kọ́kọ́ gbé odindi ọ́pẹ́rà sórí rédíò, Hänsel und Gretel ni wọ́n sì fi ṣí i. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Milton Cross ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní 1975. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ ojú fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: aṣọ tí wọ́n wọ̀, ilé tí wọ́n kọ́ sórí ìtàgé, ta ló ń wọlé bọ̀. Wọ́n ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Lásìkò ìsinmi, àwọn ọ̀mọ̀ràn orin á jókòó, wọ́n á máa dáhùn ìbéèrè tí àwọn olùgbọ́ fi ránṣẹ́. Ká má parọ́, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ìbéèrè yẹn ni mò ń dúró dè ju orin lọ.

Láti ìparí 2006 ni wọ́n tún ti ń fi í hàn ní sinimá lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní New York. Mo lọ sí ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, Tosca ni. Gbogbo wa ń dúró de ibi tí Tosca, obìnrin inú eré náà, ti máa bẹ́ láti orí odi kó lè kú. Ó sáré débẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ kan sókè, àwòrán bá dúró gbọin. Kò bẹ́, kò padà. A wo ẹsẹ̀ yẹn títí. Ìgbà tí nǹkan fi máa padà bọ̀ sípò, òkú ti jí, ó ń tẹrí ba fún ìpàtẹ́wọ́. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún wa. Asọ̀rọ̀mágbèsì tèmi kò ṣe irú ẹ̀ sí mi rí.

Ṣùgbọ́n Toronto ní ohun tó lè fi yangàn. Canadian Opera Company ti ibí ló kọ́kọ́ ń tan ìtumọ̀ orin sókè ìtàgé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ, kí ẹni tí kò gbédè lè máa kà á. Ọ́pẹ́rà Elektra ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kìíní 1983. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wá sí mi lọ́kàn. Àwa gan-an la nílò pátákó yẹn! Rántí orin “Wá bá mi gbé”, ohùn orin rẹ̀ ni: mi, mi, re, do. “Wá” àti “bá” ga dọ́gba, ó dáa. “Mi” rẹlẹ̀ díẹ̀, ó ṣì dáa. “Gbé” tó yẹ kó padà gòkè, ibẹ̀ ni orin ti tún jù ú sísàlẹ̀, ó di “gbè”. Èdè ara wa là ń kọ, ìwé orin la fi ń mọ ohun tí à ń wí.

T. K. Ekundayo Phillips tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 sí 1962 rí àléébù yìí, ó sì ń kọ orin tó ń bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọrin lábẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande. Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ mú bírò gan-an la dé yìí.

Bàbá kan wà níbi ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn lọ́jọ́ kan, íápíìsì bọ́ lára fóònù mi, orin bá gba yàrá kan: Akinla, èyí tó kẹ́yìn nínú African Suite, àkójọ orin tí Sowande kọ ní 1944. Kò sí ìlù kankan nínú rẹ̀, ohun èlò olókùn ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ háíláìfù ni ìdí ẹ̀ ń jó. Mo sáré fẹ́ pa á. Bàbá gbọ́wọ́ sókè pé kí n fi sílẹ̀. Ìka wọn ń lu bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń bá orin lọ láìṣì í rárá. Wọ́n ní “Gilmour.”

Mo rò pé ẹnì kan ni wọ́n ń pè. Àṣé Clyde Gilmour ni, tó ń ṣe ètò kan lórí CBC, rédíò Kánádà, láti 1956 sí 1997, tó ń fi ọ́pẹ́rà àti oríṣiríṣi orin láti inú àwo tirẹ̀ dá àwọn èèyàn lára yá. Akinla yìí ló fi ń ṣílẹ̀kùn ètò náà. Bàbá ní òun àti ìyàwó òun kì í pàdánù rẹ̀, nínú kíṣìnnì ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ. Mo sọ fún wọn pé ọmọ Yorùbá bíi tèmi ló kọ orin yẹn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé orin Kánádà ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé báyìí, “Gilmour” ni wọ́n ń pè mí.

Nítorí náà, Sátidé tó ń bọ̀, wá rédíò WQXR ti New York lórí fóònù rẹ. Aago kan ọ̀sán níbí, méje alẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ. Bí àwa níbí bá ti yí aago wa síwájú lóṣù kẹta, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ rẹ. Ohùn lásán kì í jẹ dátà bíi fídíò. Tètè ṣáàjì kí wọ́n tó mú iná lọ. Bó bá sú ọ, pa á, ṣùgbọ́n ṣáà dúró de ìbéèrè àárín ìsinmi. Màá wà nídìí ọbẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá pè, màá gbé e.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́