Kí o tó sanwó igbó yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Ẹnu ìyá Bọ́lá ni mo ti gbọ́ ọ, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe lẹ́nu rẹ. Wọ́n ní o fẹ́ san 2,500 dọ́là fún onílẹ̀ kan ní Texas, ní Amẹ́ríkà, kí o lè máa pa àgbọ̀nrín nínú igbó rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ọdún kan! Owó páànù tí o ṣèlérí ńkọ́? Òjò ń wọ yàrá mi. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nikẹ́ni jẹ, ìwọ tún wá fi ìṣákọ́lẹ̀ kún un.

Ta ni ẹ jọ ń wọgbó?

Mo pe ọkọ Bọ́lá, ó là mí lọ́yẹ. Ó ní ilẹ̀ Texas fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti aládàáni tán, ìyẹn làwọn ọdẹ fi ń sanwó fún onílẹ̀. Onílẹ̀ kọ́ ló ni ẹran, gbogbo ará ìpínlẹ̀ ló ni ín, ìwọ náà yóò sì ra láísẹ́ńsì ọdẹ tìrẹ. Bí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá bá parí ní oṣù kìíní tí o kò pa nǹkan kan, owó ti lọ nìyẹn. Ó ní dọ́là 48 ni ìwé àṣẹ igbó ìjọba fún ọdún kan, títí kan Sam Houston National Forest tí kò jìnnà sí Houston. Mo ní ó tán, kí Àkànní san 48, kí ó fi ìyókù ra páànù.

Mo yára jù. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti san 48 náà lè gbé ìbọn wọ ibẹ̀, ìdí nìyí tí òfin fi ní kí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò. Àyà mi já. Ta ni yóò wà lẹ́yìn igi kejì?

Bàbá rẹ kì í wọgbó láìjẹ́ pé àwọn ọdẹ ti pín ọ̀nà láàrin ara wọn. Síbẹ̀ n kì í sùn. Ìgbà tí mo bá gbọ́ òórùn kábááìdì àtùpà orí rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ni mo tó ń na ẹsẹ̀. Nígbà tó fẹ́ mú ọ dání, èmi ni mo sunkún tí kò fi mú ọ lọ. Ṣakabùlà rẹ̀ tí mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé lọ, èmi ni mo tà á. Bóyá ohun tí mo fi dù ọ́ nílé lo ń fowó wá kiri lọ́hùn-ún.

Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń da àgbàdo sílẹ̀ fún ẹran, ẹ̀yin á jókòó nínú ahéré pákó, ẹ ó máa wò ó. Ewúrẹ́ lẹ ń sìn yẹn! Bàbá rẹ ìbá rẹ́rìn-ín títí.

Bi onílẹ̀ náà: ìbọn mélòó ló máa gbà wọlé, lórí éékà mélòó? Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kí o tó fọwọ́ sí i. Bó bá ń tà á fún ẹni tó bá ṣáà ti mówó wá, igbó ìjọba kò yàtọ̀ sí i, ọ̀wọ́n ló fi jù ú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin mélòó kan tẹ́ ẹ mọra, tí oníkálukú mọ ibi tí ẹnìkejì jókòó sí, san án, bí o kò tiẹ̀ pa ẹran kan. N kò ní pariwo.

Aṣọ ọsàn yẹn, wọ̀ ọ́, bí òfin kò tilẹ̀ fi dandan lé e lórí ilẹ̀ aládàáni. Fún Bọ́lá ní orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ, kí n mọ ẹni tí mo máa pè bí fóònù rẹ kò bá lọ. Owó páànù ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ o. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìyá rẹ