Ìpàdé Sátidé: Táyà La Máa Wò

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi oníròyìn ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, a ó pàdé ní Ìlọrin, ká tó gba ọ̀nà Ọ̀fà lọ bá àwọn tó ń lẹ táyà. Táyà tòkunbọ̀ la fẹ́ kọ ìròyìn lé lórí. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà; àwọn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí gan-an, torí táyà tó ti gbó lè gba ẹ̀mí èèyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́, kó mú ìròyìn mẹ́ta tó ti ṣe nípa ọkọ̀ wá. A máa gba ìròyìn orí rédíò náà. Owó ẹgbẹ́ dọwọ́ akápò.