Lẹ́tà sí àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ kó ẹbí wọn lọ sinmi ní etí òkun Jàmáíkà

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín, mo kí àwọn ọkọ yín, àwọn aya yín àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí Ọlọ́run fi ta yín lọ́rẹ. Mo gbọ́ pé púpọ̀ nínú yín tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Mànṣẹ́sítà ti ń fi owó pamọ́ láti kó ẹbí yín, àti òbí tó bí yín, lọ sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun ní Jàmáíkà, níbi tí èèyàn ti máa ń san owó yàrá, oúnjẹ àti ohun mímu pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó tó kúrò nílé. Inú mi dùn sí i. Iṣẹ́ ìlú òyìnbó kì í jẹ́ kí ọmọ rí ojú bàbá rẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo yín yóò jọ jókòó jẹun láàárọ̀, láìsí ẹni tó ń wo aago, kì í ṣe ìnákúnàá rárá. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé owó tí ẹ san fún hòtẹ́ẹ̀lì lè gba oúnjẹ sísè, abọ́ fífọ̀ àti ibùsùn títẹ́ kúrò lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n kò sí iye tí ẹ lè san tí yóò gba ìtọ́jú ara yín kúrò lọ́rùn yín.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ka ìwé àdéhùn náà dé ìlà ìkẹyìn. Ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Sandals ṣí èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Montego Bay, tọkọtaya nìkan ni wọ́n sì ń gbà síbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì Beaches tó wà ní Negril, tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, ni wọ́n ṣe fún ẹni tó lọ́mọ lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè sanwó sí ibi tí wọn kò ti ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọlé. Ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, owó ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ń wọ́ ara fún àlejò, owó ọ̀tọ̀ ni ti ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò, owó ọ̀tọ̀ ni ti ìrìn àjò lọ wo omi tó ń ya lórí àpáta ní Dunn's River, dókítà tí ẹ bá sì pè lóru kò ní wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ra adójútòfò ìrìn àjò, kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í sanwó fún ẹni tó fara pa nígbà tí ọtí ń pa á.

Ẹni tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá ìyá tó ń bọ̀ láti ilé, kò gbọdọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Miami tàbí New York kọjá bí kò bá ní físà Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n ń béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àsìkò ìjì líle ní agbègbè Òkun Kàríbíánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ọlidé gígùn àwọn ọmọ yín sì bọ́ sí àárín rẹ̀ gan-an. Ìjì Melissa, tó jà ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ba ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà jẹ́ gidigidi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì bóyá wọ́n ti tún ohun gbogbo ṣe tán, kí ẹ sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí ìjì mìíràn bá tún dé.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ dúró lé lórí pẹ́ jù, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí n sùn bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi lágbàáyé ní ọdún 2021, àti pé kíkú sómi wà lára ohun mẹ́rin tó ń pa ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin jù lọ. Ọmọ tó ń rì kì í pariwo bí wọ́n ti ń ṣe é nínú sinimá. Ẹnu rẹ̀ ń wọ inú omi, ó ń jáde, kò ráyè mí débi tí yóò kígbe. Apá rẹ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ sì dà sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run. Ẹni tó jókòó sítòsí lè rò pé ó ń ṣeré ni. Mo ti rí i ní etí odò ìlúwẹ̀ẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn àgbàlagbà jókòó yí omi ká, tí oníkálùkù mú fóònù dání, tí gbogbo wọn sì gbà pé ẹlòmíràn ló ń wo ọmọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ yan ẹnì kan ní orúkọ rẹ̀, kí ó má mú fóònù, kí ó má mú ọtí, kí ó má ka ìwé. Nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó kàn pé, "Ìwọ lò ń ṣọ́ wọn báyìí o," kí onítọ̀hún sì dáhùn kí ó tó dìde. Rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sí ọmọ lápá kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi ọkàn tẹ̀. Bí ẹ bá dé etí òkun, ẹ wo àsíá tí wọ́n ta: èyí tó pupa ń sọ pé kí ẹ má wọ omi, bó ti wù kí oòrùn ràn tó. Bí ìṣàn omi bá sì ń fa ẹnikẹ́ni nínú yín lọ sí agbami, kí ó má bá a jìjàkadì láti padà tààrà, kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó máa bá gígùn etí òkun lọ, títí ìṣàn náà yóò fi tú u sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ìyá yín dání, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi. Ìyá tó ti bá yín tọ́ ọmọ jòjòló ní Peckham nígbà òtútù kò gbọdọ̀ wá di ọmọ ọ̀dọ̀ ní etí òkun, kí ẹ̀yin máa jó nílé ọtí, kí òun sì wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ti sùn. Ọ̀pọ̀ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́bí ló ní ibi tí wọ́n ti ń bá òbí mójú tó ọmọ fún wákàtí díẹ̀. Ẹ lò ó. Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ fún màmá, kí ó má jìnnà sí ilé oúnjẹ, nítorí orúnkún. Ẹ jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú báàgì tí yóò gbé wọ inú ọkọ̀ òfuurufú. Bí kò bá fẹ́ wọ omi, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wá ibòji fún un, kí ọ̀kan nínú yín jókòó tì í, kí ẹ bi í nípa ìgbà èwe rẹ̀, nítorí nílé, láàárín ìfọṣọ àti ọjà, ẹ kì í ráyè gbọ́ ọ.

Láàárọ̀, lórí tábìlì oúnjẹ, ẹ ó rí ohun kan tó pọ́n rúsúrúsú bí ẹyin díndín, tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹja oníyọ̀. Iṣin wa ni. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n gbé e dé Jàmáíkà ní ayé oko ẹrú. Ackee ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, òun àti ẹja oníyọ̀ sì ni oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà sọ fún àwọn ọmọ ìdí tí a fi ń dúró kí ó la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi kí a tó fọwọ́ kàn án, nítorí májèlé ni èyí tí kò tíì là. Kí ọmọ bu èyí tí yóò jẹ tán, kí ó sì kí ẹni tó ń kó àwo náà kúrò níwájú rẹ̀.

Àwọn ènìyàn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Òfin etí òkun tí wọ́n ṣe ní Jàmáíkà ní ọdún 1956, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, kò fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ gbogbogbòò sí etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ń jà fún un títí di ìsinsìnyí. Ó dùn mí láti ronú pé ọmọ wa lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú ọgbà olódi kí ó sì padà láìbá ọmọ Jàmáíkà kankan sọ̀rọ̀ bí kò ṣe láti béèrè omi dídì. Ní Westmoreland, ní agbègbè kan náà tí apá kan Negril wà, abúlé kan wà tí ń jẹ́ Abeokuta. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ oko lẹ́yìn tí oko ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1838 ni wọ́n fi orúkọ ilé sọ ọ́, àwọn ọmọ wọn ṣì ń pe ara wọn ní Nago, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ní Hanover tó múlé gbè é, wọ́n ṣì ń jó Ettu, ijó àwọn Nago, níbi àsè tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òkú ìdílé.

Bí ara màmá bá gbà á, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ibẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ pupa, nítorí òun ni ìjọba fún láṣẹ láti gbé èrò. Ẹ tipasẹ̀ ẹni tó jẹ́ ọmọ àdúgbò wọlé, ẹ mú ẹ̀bùn tó nílàárí dání, nítorí apá ibẹ̀ gan-an ni Melissa ti jà, kí ẹ má sì gbé kámẹ́rà sójú ẹnikẹ́ni kí ẹ tó kí i. Bí àwọn àgbà ibẹ̀ bá gbà yín lálejò, ìyá tó bá yín lọ ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Ìyá yín